Wo Àpò Kó O Tó Rẹ Aṣọ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe jẹun, ẹ wá jókòó kí n sọ tèmi fún yín. Bí ẹ bá lè gbé fóònù yín sílẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, etí lẹ máa fi gbọ́ mi, kì í ṣe ìka. Alágbàfọ̀ ni mí. Ìdọ̀tí aṣọ àwọn ẹlòmíràn ni mo fi kọ́lé, òun náà ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé bàbá òun wà nídìí òwò aṣọ. Kò parọ́, kò kàn sọ irú aṣọ tó jẹ́ ni.

Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Nínú àgbàlá kan lẹ́yìn Ibo Road, ní Sabon Gari, ni wọ́n ti ń fọṣọ. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ wọn, Ọ̀fà ni wọ́n sì ti bá a wá sí Kánò. Nígbà tí Bàbá kú, àwọn ẹbí ní kí Ìyá Àgbà máa bọ̀ nílé. Ìyá Àgbà ní àwọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n ní aṣọ iṣẹ́ ọkọ àwọn làwọn ti ń fọ̀ láti ọjọ́ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà kì í sì í ṣiṣẹ́ níhòòhò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó ń fọṣọ ládùúgbò kọ́kọ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, aṣọ àwọn fúnra wọn ti ń gba kọ̀rọ̀ wọlé wa. Hausa, Íbò, Yorùbá, gbogbo wọn ló ń pe Ìyá Àgbà ní Màmá Wanki, ìyẹn ni pé Màmá Afọṣọ.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní Ọ̀fà, ìdánwò náà sì ṣe mí bó ṣe wù ú. Ìyá mi dì mí mọ́ ẹrù, wọ́n fi mí sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ní kí n lọ bá Ìyá Àgbà kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di èèyàn. Owó iṣẹ́ mi ni oúnjẹ àti ẹní tí mo ń sùn lé. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó mọ síbẹ̀.

Mo rò pé aṣọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún mi. Àpò ni. Oṣù mẹ́ta gbáko, n ò fọwọ́ kan ọṣẹ. Iṣẹ́ mi ni kí n ti ọwọ́ bọ gbogbo àpò aṣọ tó bá wọlé, kí n yọ ohun tó bá wà níbẹ̀, kí n wé e sínú àkísà, kí n sì fi òwú oníbàárà náà so ó. Ìyá Àgbà ò mọ̀wé, òwú ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ tí a ń rán mọ́ ọrùn aṣọ. Bí o bá da aṣọ ọgọ́rùn-ún èèyàn pọ̀ síwájú wọn, wọ́n á tú u palẹ̀ kí o tó jẹ ẹ̀kọ kan tán.

Ohun tí mo rí nínú àpò lóṣù mẹ́ta yẹn, wọn ò kọ́ mi nílé ìwé. Mo rí orógbó, mo rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, mo rí eyín tí bàbá kan ń kì bọ ẹnu. Mo rí lẹ́tà tí obìnrin kan kọ sí ọkùnrin oníyàwó. Mo ti tú u, mo ti ń fẹ́ kà á, ni Ìyá Àgbà gbá mi lọ́wọ́.

“Ohun tó bá wà lápò, ti àpò ni. Àkànní, kí la kọ́kọ́ ń ṣe?”

“A ń wo àpò, Ìyá.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“A ń rẹ aṣọ.”

“Irọ́ lo pa. A tún ń wo àpò.”

Nígbà tí mo wá dé ìdí ọṣẹ, ni mo mọ̀ pé eré ni mo ti ń ṣe. Bí mo bá fọ aṣọ kan tán, Ìyá Àgbà á gbé e jáde sójú oòrùn ọ̀sán. Wọ́n á wo ọrùn, wọ́n á wo abíyá, wọ́n á wo ìṣẹ́tí, wọ́n á wá gbé e sí imú. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní. Bó bá dára, “Ó mọ́.” Bí kò bá tíì dára, “Ó kù díẹ̀.” Mo gbọ́ tí wọ́n sọ “Ó mọ́” fún abọ́ tí aládùúgbò wa fọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún ológbò tó ń lá ara rẹ̀. Èmi Àkànní, ọmọ ọmọ wọn, “Ó kù díẹ̀” ni, lọ́dún kìíní, lọ́dún kejì, títí mo fi hu irùngbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: gbogbo ohun tí mo ṣe nínú iṣẹ́ yìí, torí kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn lẹ́nu ìyá yìí ni.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé mo jẹ́ ọmọ dáadáa nígbà náà. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ike tí wọ́n fi ń fín omi sáṣọ. Ẹnu ni. O máa bu omi sẹ́nu, o máa fín in bí ìrì, o máa wá gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ aṣọ nílé wa kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan lẹ́yìn tó bá ti run pákò tán, àfi ìgbà tó bá lọ aṣọ parí. Lọ́jọ́ kan, mo jẹ kúlíkúlí. Ẹyọ kan péré ni, ẹ dákun. Mo fín omi sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tíṣà kan, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, òórùn ẹ̀pà yíyan gba gbogbo àgbàlá. Ìyá Àgbà dìde nídìí àdògán, imú ni wọ́n fi ṣáájú.

“Àkànní, ta ló ń dín kúlíkúlí nínú ilé mi?”

Mo ní n ò mọ̀. Wọ́n ní kí n la ẹnu. Wọ́n wo eyín mi bí wọ́n ṣe ń wo eyín àgbò ọdún. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kí n máa gbé omi sẹ́nu láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, kí ẹnu mi má baà ráyè jẹ nǹkan. Àwọn mai ruwa tó ń ti omi wá tà fún wa á kí mi pé, “Sannu!” Èmi á kàn máa mi orí. Wọ́n ní ó mà ṣe o, odi ni ọmọ Màmá Wanki. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà láyé lẹ́bàá ibí. Títí dòní, ọwọ́ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ìjọ Àládùúrà ni ìjọ wa, sùtánà funfun la sì ń wọ̀. Ẹ̀yin ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú tí eruku ọyẹ́ ti ń bá èèyàn jẹun nínú abọ́ kan náà, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti yan funfun, wọ́n tún bọ́ bàtà, wọ́n ń wọ́ ìṣẹ́tí nílẹ̀. Ọlọ́run tó dá eruku Kánò ló mọ bí alágbàfọ̀ ṣe máa jẹun.

Lọ́dún kẹta mi, Ìkórè ku ọ̀la. Sùtánà àwọn àgbà ìjọ mẹ́rìndínlógún wọlé wa láàárọ̀ Sátidé. Pẹ̀lú ti Ìyá Àgbà fúnra wọn, ó di mẹ́tàdínlógún. Wòlíì ìjọ wa ti wàásù lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé lọ́jọ́ Ìkórè yìí, àwọn àgbà máa funfun ju ẹfun lọ, kí ayé lè mọ̀ pé Ọlọ́run wà ní Sabon Gari. Gbogbo ojú wà lára wa. Ìyá Àgbà gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n ní kí n wo àpò, kí n rẹ gbogbo aṣọ náà sínú omi gbígbóná nínú dírọ́ọ̀mù ńlá. Àwọn ń lọ sọ́jà Singer lọ ra ọṣẹ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń ja dámbé, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Hausa, ní pápá kan tí kò jìnnà sí wa. Ọkùnrin gàgàrà kan máa jà, wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀ rí. Mo wo àpò mẹ́wàá. Mo gbọ́ ariwo. Mo wo ìkọkànlá, ariwo tún sọ. Mo ní, àgbà ìjọ mà ni àwọn wọ̀nyí! Kí ló máa wà lápò àgbà ìjọ bí kò ṣe ìwé orin? Mo da mẹ́fà tó kù sómi láìwò, mo dé dírọ́ọ̀mù, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọkùnrin gàgàrà náà ṣubú ní ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́. N ò tiẹ̀ rí i, ẹni tó dúró níwájú mi ga jù.

Mo délé, mo ṣí dírọ́ọ̀mù. Yéè! Omi náà pupa bí zóbò. Mo ki igi bọ̀ ọ́, nǹkan gbọọrọ kan lọ́ mọ́ igi jáde. Àmùrè pupa ni, èyí tí àwọn àgbà ìjọ ń dì mọ́ ìdí sùtánà. Ẹnìkan ló ká a sápò. Sùtánà mẹ́tàdínlógún ti di píǹkì, bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun.

Mo di àpò mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ì bá dì í. Mo sáré dé ìdíkọ̀ rélùwéè, ọkọ̀ tó ń lọ sí gúúsù ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ni ikùn mi kùn. Mo rántí pé n ò tíì jẹun láti àárọ̀. Mo rántí ẹ̀wà Ìyá Àgbà lórí iná. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ló dá mi padà, irọ́ ló ń pa. Ebi ni.

Nígbà tí mo wọlé, Ìyá Àgbà ti jókòó ti dírọ́ọ̀mù náà lórí àpótí.

“Àkànní, ta ló pa màlúù sínú omi mi?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ àpò mẹ́fà, mo jẹ́wọ́ dámbé, mo tún jẹ́wọ́ kúlíkúlí méjì mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Wọn ò nà mí. Wọ́n wo àpò ẹrù tó wà léjìká mi, wọn ò bèèrè ibi tí mo gbé e lọ.

“Dìde. Di etí kan mú, kí n di ìkejì.”

A fún sùtánà títí ọwọ́ wa fi bó. Ìyá Àgbà ní àwọn máa fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ gbìyànjú, ṣùgbọ́n aṣọ tiwọn làwọn máa kọ́kọ́ fi dán an wò, kì í ṣe ti oníbàárà. Kàkà kí pupa náà ṣí, ńṣe ló jókòó, tó na ẹsẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, kò sí ohun tí a tún lè ṣe. Ìyá Àgbà po sítáàsì, wọ́n kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù. Mo ní, “Ìyá, aṣọ tó ti bàjẹ́ lẹ tún fẹ́ lọ̀?”

Wọ́n ní, “Bí wọ́n bá tiẹ̀ pupa, wọn ò gbọdọ̀ rún.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn àgbà ìjọ gba aṣọ wọn. Aago ti lu, kò sí ẹni tó ní òmíràn, wọ́n wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìyanu. Àgbààgbà mẹ́rìndínlógún, irùngbọ̀n funfun, sùtánà píǹkì tí sítáàsì mú kó le gan-an bí pátákó, wọ́n tò wọlé pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Orin dá. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́.

Ni Màmá Aríran, ìyá tó máa ń ríran nínú ìjọ wa, bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. “Mo rí i! Mo rí i! Àwọn áńgẹ́lì ti pààrọ̀ aṣọ lókè! Àwọ̀ òdòdó ni wọ́n wọ̀!” Ìjọ hó yèè, “Halelúyà!” Wòlíì, tí ojú wọn ti ń ṣe wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀, mí kanlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ wò ó bí Olúwa ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀!” Lẹ́yìn mi, obìnrin kan ti ń bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè iye ọ̀pá aṣọ píǹkì tó máa tó òun àti ọkọ òun. Èmi ńkọ́? Inú mi dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ti bọ́! Nínú gbogbo ìjọ, kò sẹ́ni tó kígbe Halelúyà tó mi.

Ìyá Àgbà dìde nínú sùtánà píǹkì tiwọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Kì í ṣe ìran. Àmùrè ni.”

Wọ́n yíjú sí àwọn àgbà ìjọ.

“Àmùrè pupa ló wà lápò ọ̀kan nínú aṣọ yín, a ò wo àpò kí a tó rẹ ẹ́. Lọ́wọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má kó àwọn áńgẹ́lì wọ ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀.”

Wòlíì wo Ìyá Àgbà, wọ́n wo àwọn àgbà ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín mú wọn láti ìsàlẹ̀ ikùn, wọ́n di pẹpẹ mú kí wọ́n má baà ṣubú. Ni gbogbo ìjọ bá bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn àgbà ìjọ. Màmá Aríran nìkan ló takú pé ohun tí òun rí lòun rí. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tí a délé, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gba ẹ̀bi mi rù. Wọ́n ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá ló ń jẹ̀bi, ọmọṣẹ́ ló ń sunkún. O ti sun tìrẹ.”

A fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sá aṣọ náà sórí páànù, à ń wọ́n omi sí i, oòrùn Kánò ń fà á. Mẹ́rìndínlógún padà di funfun. Ti Ìyá Àgbà, èyí tí iyọ̀ ti bá wí, kò padà. Wọ́n ní kò burú. Òun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ìjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, píǹkì kan ṣoṣo láàárín igba funfun. Mo rò pé yóò lé oníbàárà sá. Ńṣe ni wọ́n ń ya wá. Wọ́n ní ẹni tó lè bá ìran jiyàn nítorí òtítọ́, kò lè pààrọ̀ aṣọ ẹni.

Báyìí ni ọdún ń yí lu ọdún. Áyọ́ọ̀nù eléèédú wa, èyí tí wọ́n ya orí àkùkọ sí níwájú, fi ipò sílẹ̀ fún oníná. Òun náà ń bẹ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná lójoojúmọ́, bó bá gbóná tán, iná á lọ. Ike dé, ẹnu wa sinmi, a lè jẹ kúlíkúlí. Mo fẹ́yàwó, mo gbọmọṣẹ́, mo gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà nígbà tí eékún wọn ò gbé wọn mọ́. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n gbé àpótí síwájú rẹ̀, wọ́n wò ó bó ṣe ń yí.

“Ṣé ó ń wo àpò?”

“Rárá, Ìyá.”

“Irú ọmọṣẹ́ wo lo wá gbà yìí?”

Mo fa aṣọ jáde nínú rẹ̀, ó funfun, ó ń tàn. Wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n gbé e sí imú. “Ó kù díẹ̀.” Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo wọ yàrá lọ, mo lọ bínú.

Ohun tí ìbínú yẹn fà nìyí. Oníṣòwò kan ní Singer ń ta òògùn ìfọṣọ tuntun kan tó lè fọ àbààwọ́n tó ti jókòó láti ìgbà láéláé. Mo ní ó parí! Mo yọ sùtánà píǹkì Ìyá Àgbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rẹ ẹ́ sí i. Àbààwọ́n ọjọ́ pípẹ́ yẹn ṣí kúrò bí ẹni tí wọ́n lé. Ó funfun báláú. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú nígbà náà, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún. Wọn ò mọ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí ìjọ, èmi sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mò ń retí ìyìn.

Bí ìsìn ṣe parí, a gbọ́ ẹkún. Ọmọ ọmọ mi tó ń jẹ́ Tèmi ni, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ọjọ́ gbogbo tí wọ́n bá tú àwọn ọmọdé sílẹ̀, á sáré la àárín funfun kọjá lọ bá píǹkì, Ìyá Àgbà á sì ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á fún un ní súìtì. Lọ́jọ́ yẹn, ó yí gbogbo ìjọ ká, kò rí píǹkì. Ó kọjá níwájú Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ̀ wọ́n. Ẹ mọ àwọn ọmọ tí a bí síbí, Hausa ló ń fi sunkún: “Ina Mama mai jar riga?” Ó ń wá màmá aláṣọ pupa.

Ìyá Àgbà gbé apá sùtánà wọn súnmọ́ ojú. Wọ́n gbé e súnmọ́ sí i.

“Àkànní.”

Nígbà tí a délé, wọ́n ní, “Aṣọ mi dà?”

“Òun lẹ wọ̀ yẹn, Ìyá. Mo ti bá yín fọ pupa yẹn kúrò.”

“Ta ló rán ọ níṣẹ́?”

“Mo fẹ́ kí ẹ wò ó kí ẹ sọ pé ó mọ́ ni.”

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N ò rí i rí, lójú ayé mi, n ò rí i rí.

“Ọjọ́ tí o di àpò rẹ lọ sí ìdíkọ̀, ṣé o rò pé n ò mọ̀? Mo ti ọjà dé, n ò bá ọ, n ò bá ẹrù rẹ. Mo jókòó ti omi pupa. Aṣọ kọ́ ló dùn mí. Mo ní ọmọ mi ti lọ. Ni mo gbójú sókè, mo rí ọ tí ò ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọ aṣọ yẹn, bí o ṣe ń bọ̀ yẹn ni mo ń wò. O wá fọ̀ ọ́ dànù.”

Ojú tì mí. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ebi ló dá mi padà. Ẹ̀wà ni mo rántí.”

“Mo mọ̀. Ta ló gbé ẹ̀wà náà kaná?” Wọ́n nu ojú. “Lọ wá aṣọ mi wá fún mi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó fi gbogbo ayé yọ àbààwọ́n, ó wá ń wá àbààwọ́n kiri Kánò! Mo kọ́kọ́ fi àkísà funfun dán zóbò wò, ó di àwọ̀ omi eérú. Mo ra àmùrè pupa tuntun, mo sè é, mo bẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Nígbà tí a ò fẹ́ kó ṣí, ó ṣí. Nígbà tí a kúnlẹ̀ fún un, ó di olóòótọ́. Mo padà lọ bá Alhaji tó ta òògùn náà fún mi ní Singer, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀: “Baba, kai da kake cire tabo, yau tabo kake nema?” Ó ní ṣé èmi tí mò ń yọ àbààwọ́n, àbààwọ́n ni mò ń wá lónìí?

Ó wá ku ibì kan. Nínú àwọn àgbà ìjọ mẹ́rìndínlógún yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, Bàbá Sọjí, tí wọ́n kéré jù nínú wọn nígbà náà. Yankaba ni wọ́n ń gbé. Mo ní bóyá wọ́n á mọ ẹni tó ni àmùrè yẹn. N ò tíì sọ ọ̀rọ̀ débì kan tí wọ́n fi dìde, tí wọ́n fa àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkísà tí a fi òwú so ni wọ́n gbé jáde.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ,” ni Bàbá Sọjí wí. “Èmi ni mo ni ín. Ó fún mi níkùn, mo ká a sápò. Nígbà tí Màmá dìde tí wọ́n ní lọ́wọ́ àwọn ló ti ṣẹlẹ̀, mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n ò dì í mọ́ ìdí mọ́.”

“Ṣé Ìyá mọ̀ pé tiyín ni?”

“Wo òwú tí wọ́n fi so ó nígbà tí wọ́n dá a padà. Òwú mi ni. Wọn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kan rí.”

Ohun tó bá wà lápò, ti àpò ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí àwọn ọmọṣẹ́ lọ sinmi. Mo run pákò, n ò jẹ nǹkan kan. Mo wo àpò sùtánà náà, mo tún un wò. Mo fi àmùrè ogbó yẹn sínú omi gbígbóná. Ọlọ́run ò kọ̀ mí, ó ṣì ń ṣí! Mo fi iyọ̀ sí i, pupa jókòó. Mo po sítáàsì gbágùúdá, mo kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù olórí àkùkọ, mo fi ẹnu fín omi sí i. Bí mo ṣe lọ̀ ọ́ tán, mo gbé e lọ bá Ìyá Àgbà lójú oòrùn.

Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ọrùn rẹ̀. Wọ́n tọ́ abíyá, wọ́n tọ́ ìṣẹ́tí yíká. Wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n bi Tèmi pé irú àwọ̀ wo ni. Ọmọ náà ní píǹkì ni, ó ti ń wá àpò súìtì.

“Ṣé o wo àpò, Àkànní?”

“Mo wò ó, Ìyá.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Mo tún un wò.”

Wọ́n gbé e lé àyà.

“Ó mọ́.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo sunkún bí ìgbà tí mo wà nídìí dírọ́ọ̀mù. Aṣọ tí mo fọ̀ láyé yìí, n ò mọ iye rẹ̀. Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi pa láró nìkan ló mọ́. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, n ò ní sọ fún yín pé ẹ fọṣọ. Ẹ kàn wá ẹni tó máa sọ fún yín pé ó kù díẹ̀, tí yóò sì tún gbé ẹ̀wà kaná dè yín.

Ìyá Àgbà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú oorun ọ̀sán, wọ́rọ́wọ́. Ìjọ gbé sùtánà funfun tuntun wá láti fi sin wọ́n. Mo dúpẹ́, mo ní Ìyá ní aṣọ. Mo lọ píǹkì yẹn fúnra mi, a wọ̀ ọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé pósí, tí gbogbo ẹbí ń sunkún, tí wòlíì tuntun ti ṣí ìwé, mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo ti ọwọ́ bọ àpò ìyá mi.

Mo bá súìtì kan níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ de Tèmi. Súìtì pupa! Ẹ wo wàhálà tí à bá dá sílẹ̀, ibi tí gbogbo èèyàn ti wọ funfun ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo yọ ọ́, mo fún ọmọ náà.

Mo tún wo àpò náà lẹ́ẹ̀kejì, kí n tó ní kí wọ́n dé e.